Àṣẹ FCA kò lè sìn yín dé Dublin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè pé, níwọ̀n ìgbà tí ilé iṣẹ́ yín tó ń fi owó ránṣẹ́ sí Nàìjíríà ti gba àṣẹ FCA, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ owó ní Britain, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé ìwé tí Britain àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ti fún yín láyè láti gba oníbàárà ní Dublin. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ṣé Ireland ni kí ẹ ti gba àṣẹ mìíràn ni tàbí Lithuania. Kò fún yín láyè. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn kò ju pé kí àwọn aláṣẹ méjèèjì máa pàdé sọ̀rọ̀ lọ.

Irú iṣẹ́ yín ni mo ń ṣe kí Britain tó kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Àṣẹ kan ṣoṣo láti Lọ́ńdọ̀nù la fi ń ṣòwò káàkiri Yúróòpù nígbà náà, títí ẹ̀tọ́ yẹn fi dópin ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Láti ìgbà ìdìbò ọdún 2016 ni àwọn agbẹjọ́rò tí mo ń sanwó fún ti ń sọ pé kí n fọkàn balẹ̀, pé Brussels, ìyẹn àwọn aláṣẹ Àjọ náà, yóò kéde pé òfin Britain bá tiwọn dọ́gba, bẹ́ẹ̀ òfin iṣẹ́ ìsanwó Yúróòpù kò tilẹ̀ ní àyè fún irú ìkéde bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn clearing house ńláńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn àwọn tó ń dúró láàárín àwọn báńkì tó ń bá ara wọn ṣòwò, rí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ gbà ní tiwọn, wọ́n sì ti sún un síwájú di oṣù Kẹfà ọdún 2028, nítorí pé àwọn báńkì Yúróòpù fúnra wọn kò lè ṣe láìsí wọn. Ta ló nílò oníṣẹ́ kékeré ní Peckham?

Báńkì tó ń bá wa tọ́jú owó yúrò kọ̀wé pé àwọn yóò ti àkáǹtì wa pa. Àwọn oníbàárà wa ní Dublin, tí púpọ̀ nínú wọn ń fi owó ọdún ránṣẹ́ sílé, ń pè láìdẹwọ́, àwọn kan sì pè mí ní gbájú-ẹ̀. Mo pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n ní kí n lọ ka ìkànnì àwọn. Àdéhùn òwò tí Britain àti Yúróòpù parí ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2020 tò ọ̀rọ̀ ẹja lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n ohun tó sọ lórí iṣẹ́ owó kò tó nǹkan. Ohun tó tún bí mi nínú ni pé Britain fún àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù ní àṣẹ onígbà-díẹ̀ tó wà títí di ìparí ọdún 2023, ṣùgbọ́n Yúróòpù lápapọ̀ kò ṣe irú rẹ̀ fún wa.

Bí ẹ bá mú Ireland, ẹ ó forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì kó owó ìdásílẹ̀ jọ, èyí tó jẹ́ 20,000 yúrò fún ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ nìkan. Ìyẹn kò le. Ohun tó le ni pé báńkì àpapọ̀ Ireland fẹ́ rí àwọn olùdarí tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ìpinnu fúnra wọn, kì í ṣe pátákó lásán tí Lọ́ńdọ̀nù ń darí.

Ẹ má ṣe gbọ́ ti àwọn tó ń sọ pé kò séwu bí oníbàárà bá fúnra rẹ̀ wá bá yín, nítorí pé ìpolówó kan ṣoṣo nínú WhatsApp àwọn Yorùbá Dublin ti ba àwíjàre yẹn jẹ́. Ẹ má sì tìtorí pé Britain ṣì wà nínú SEPA, ètò tí àwọn báńkì fi ń fi owó yúrò ránṣẹ́ síra wọn, rò pé ẹ ti gba àṣẹ; owó yúrò lè kọjá láti àkáǹtì kan sí òmíràn láìjẹ́ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti tajà fún ẹni tó ni ín. Ní ti Lithuania, àṣẹ wọn ń ṣiṣẹ́ ní Ireland bákan náà. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún agbẹjọ́rò, ẹ ní kó fi ìka tọ́ ibi tí òfin ti sọ ohun tó ń ṣèlérí fún yín.