Kó o tó háyà bóòtù, ka iye ọwọ́ tó ṣófo

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè ẹ. O ní Leicester lẹ̀ ń gbé, ẹ fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Norfolk, lápá ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú oṣù Ògún, o sì fẹ́ háyà bóòtù kékeré onẹ́ńjìnnì ní Wroxham, ìlú kan létí odò níbẹ̀, láti àárọ̀ dalẹ́: ìwọ, ìyàwó ẹ, ọmọ ọdún méje, ọmọ ọdún mẹ́ta, àti ìyá ìyàwó ẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyàwó ẹ ní òun ò wọ̀ ọ́. O wá ní ká bá ẹ dá a: ṣé kó o sanwó ni àbí kó o gbàgbé ẹ̀?

Sanwó. Àmọ́ wákàtí mẹ́ta ti tó fún un yín, odidi ọjọ́ ti pọ̀ jù. Mo sì fẹ́ kó o bẹ ìyàwó ẹ kó o tó fọwọ́ kan káàdì báńkì, torí ohun tó ń bà á lẹ́rù yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ọmọ tèmi ti di géńdé báyìí, ṣùgbọ́n láti kékeré wọn la ti ń lọ síbẹ̀, nínú òjò, nínú oòrùn, pẹ̀lú ìyá mi àti láìsí ìyá mi. Mo mọ ibi tó ti ń dùn, mo mọ ibi tó ti ń ta.

Gbogbo ọkùnrin tó bá bi mí léèrè, wíwà bóòtù ló máa ń ká wọn lára. Wíwà kì í ṣe nǹkan kan. Wọn ò ní béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹ. Ẹni tó ni bóòtù á bá ẹ wọnú ẹ̀, á fi sítíárìn hàn ẹ́, á fi ọ̀pá kékeré kan hàn ẹ́: tì í síwájú, bóòtù á lọ síwájú, fà á sẹ́yìn, á padà sẹ́yìn, fi sáàárín, ẹ́ńjìnnì á máa kùn lásán. Ìyẹn náà ni. Eré tí òfin sì gbà láyè lórí àwọn odò yẹn, máìlì 3 sí 6 ni ní wákàtí kan, ibi tẹ́ ẹ bá dé ló máa sọ èyí tí ẹ máa tẹ̀ lé. Ó wà lára pátákó létí omi. Ẹni tó ń sáré ìdárayá létí odò máa kọjá yín. Eré àsápajúdé ń ru omi sókè, omi náà á máa gé ilẹ̀ etí odò jẹ, á sì máa gbá àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kiri. Àwọn òṣìṣẹ́ Broads Authority, àjọ tó ń bójú tó àwọn odò àti adágún ibẹ̀, wà lórí omi nínú ọkọ̀ tiwọn, wọ́n ń wò yín.

Nǹkan méjì ló máa kọ́kọ́ rú ẹ lójú. Bóòtù ò ní bíréèkì. Bó o bá fẹ́ dúró, o ní láti fà á sí rìfáàsì, kó o sì ní sùúrù, torí ó ṣì máa yọ́ lọ díẹ̀ kó tó gbọ́. Ìkejì ni pé ìdí ẹ̀ ló ń fì. Bó o bá yí sítíárìn sápá ọ̀tún, ìdí bóòtù á gbá sápá òsì, nítorí náà bó o bá ń kúrò létí èbúté tó o wá yí i wìì bíi mọ́tò, wàá kàn fìdí ẹ̀ gbá pákó èbúté náà ni. Lórí omi wọn, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń tọ̀, bíi títì Nàìjíríà. Ọkọ mi ní ibẹ̀ nìkan lòun ti ń wa nǹkan nílùú Ọba tára òun balẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ onígbòkun náà wà, pàápàá lópin ọ̀sẹ̀ ní agbègbè Horning, abúlé kan létí odò yẹn kan náà. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé wọn, bí afẹ́fẹ́ bá sì kọjú sí wọn, kọ́lọkọ̀lọ ni wọ́n máa ń lọ láti etí odò kan sí ìkejì. Àwọn ló ni ọ̀nà. Dẹ eré ẹ, ṣọ́ ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́rí sí òdìkejì, kó o sì gba ẹ̀yìn wọn kọjá. Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí ibi tó yẹ kó o gbà, gbabẹ̀.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró ni kó o máa rò. Bóòtù tó ń lọ jẹ́jẹ́ láàárín odò, tí gbogbo èèyàn jókòó, kò síṣòro níbẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sún mọ́ ilẹ̀ láti so ó mọ́lẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń yíwọ́. Mo jókòó ní Horning lọ́sàn-án ọjọ́ kan, à ń jẹ búrẹ́dì, ni tọkọtaya kan (òyìnbó ni wọ́n, kó o má lọ rò pé ará wa ni) bá ń bọ̀ wá so ọkọ̀ tiwọn. Afẹ́fẹ́ ń tì wọ́n lẹ́yìn, eré wọn sì ti pọ̀ jù. Ìyàwó dúró sí orí bóòtù níwájú, ó di okùn mú lọ́wọ́ kan, ọmọ kékeré kan di ṣòkòtò ẹ̀ mú. Ọkọ ń pariwo nídìí sítíárìn pé kó fò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ilẹ̀, èkejì ṣì wà nínú bóòtù, ni bóòtù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ kúrò létí odò. Àlàfo yẹn ń fẹ̀ sí i bá a ṣe ń wò ó. Bàbá kan tó ń pẹja nítòsí ló gbá a lápá mú. Ọmọ yẹn dá wà níwájú bóòtù ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sẹ́ni tó ráyè wò ó.

Kò sẹ́ni tó kú lọ́jọ́ yẹn. Ní oṣù Ògún 2020, obìnrin kan tó bá ẹbí ẹ̀ wá lo ìsinmi já sómi ní Great Yarmouth níbi tí wọ́n ti fẹ́ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbabẹ̀ kú. Ọkọ̀ tiwọn tóbi ju èyí tó o fẹ́ háyà lọ, omi ibẹ̀ sì le ju ti Wroxham lọ fíìfíì, torí omi òkun ń wọlé ó ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú agbára. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà ẹ́. Mo sọ ọ́ kó o lè mọ ibi tó yẹ kí ojú ẹ wà.

Nítorí náà, ka ọwọ́. Ẹnì kan á wà nídìí sítíárìn. Ẹnì kan á di okùn. Ẹnì kan á di ọmọ ọdún mẹ́ta mú, kò sì ní ṣe nǹkan míì. Ọmọ ọdún méje á jókòó, á má dìde títí wọ́n á fi ní kó dìde. Àgbàlagbà mẹ́ta lẹ ní, ṣùgbọ́n Màmá ò sí lára ẹni tó lè rá ọmọ mú nínú bóòtù tó ń mì. Àwọn fúnra wọn nílò ẹni tó máa di àwọn mú. Ó wá ku ìwọ àti ìyàwó ẹ. Bó bá jẹ́ ìwọ lo ń wà á, ìyàwó ẹ ló máa di okùn, òun ló máa di ọmọ mú, òun ló máa pín oúnjẹ, òun náà lẹ máa ní kó ya fọ́tò. Ṣé o wá rí ìdí tó fi ní òun ò wọ̀ ọ́? Kì í ṣojo. Ó ti bá ẹ ṣe ìṣirò náà tẹ́lẹ̀ ni.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ mú àgbàlagbà kan kún un, àbúrò ẹ kan tàbí ọ̀rẹ́ tára ẹ̀ yá. Bí kò bá sí, jẹ́ kí ìyàwó ẹ wà á, kí ọmọ ọdún mẹ́ta dúró ti Màmá lórí ilẹ̀, torí ọwọ́ ò ní tó. Ohun tá a ń ṣe nílé tiwa nìyẹn: èmi ni mo máa ń wà nídìí sítíárìn, ọkọ mi ló ń mú okùn, torí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn ju tèmi lọ, agbára ẹ̀ náà sì ju tèmi lọ. Ó kọ́kọ́ ń wò bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tó yá, ó fẹ́ràn ẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ ilẹ̀, kọ orí bóòtù sí ibi tí omi tàbí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, èyí tó bá lágbára jù nínú méjèèjì, á bá ẹ dín eré kù. Kẹ́nikẹ́ni má fò. Kí bóòtù fara kan ilẹ̀ ná, kí ẹni tó mú okùn wá gbẹ́sẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má sì na ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ láti fi dá bóòtù dúró, egungun èèyàn ò lágbára ẹ̀. Bẹ́ ò bá bọ́ síbi tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ padà sáàárín odò, kẹ́ ẹ tún un gbìyànjú. Àwọn èèyàn á máa wò yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò. Bẹ́nì kan bá sì já sómi, ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì, torí abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ omi yẹn ò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì: àwọn tó ni bóòtù á fún un yín, ṣùgbọ́n ìwọ fúnra ẹ ni kó o yẹ ti ọmọ wò. Dì í tán, kó o fi ọwọ́ méjèèjì di èjìká ẹ̀ mú, kó o fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí ọmọ, ó tóbi jù, bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe bọ́ lọ́rùn ẹ̀ nínú omi. Okùn tó máa ń gba àárín itan kọjá wà lára tọmọdé, wọn kì í sábà dì í tí o kò bá béèrè. Àgbàlagbà náà gbọ́dọ̀ wọ tiẹ̀, ìwọ tó o mọ̀wẹ̀ gan-an. Omi wọn tutù nínú oṣù Ògún pàápàá, ẹni tó bá ṣàdédé já sínú ẹ̀, èémí ẹ̀ á kọ́kọ́ há. Ohun tí RNLI, ẹgbẹ́ tó ń yọ èèyàn nínú ewu lórí omi nílùú Ọba, ń kọ́ àwọn èèyàn ni pé kó má jà, kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kó na apá àti ẹsẹ̀ títí èémí á fi padà, kó tó wẹ̀ tàbí kó ké.

Ti Màmá wá kù. Ìyá mi wọ ìró, bùbá àti gèlè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gèlè tó dúró ṣánṣán. Afẹ́fẹ́ ò ṣe gèlè yẹn ní nǹkan kan, ìró ló dá wa dúró: ẹsẹ̀ wọn ò lè ya tó láti gbé e kọjá etí bóòtù. A ní kí wọ́n jókòó sórí pákó èbúté, kí wọ́n yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọnú bóòtù papọ̀, ọkọ mi dúró nínú, èmi wà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é látìgbà náà, ṣùgbọ́n ṣòkòtò ni wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ ìró báyìí. Bí orúnkún ìyá ìyàwó ẹ bá ń dùn wọ́n gan-an, ẹ má fagídí. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó èrò wà ní Wroxham, ó ní kápútéènì, ó ní tọ́lẹ̀ẹ̀tì, tíì gbígbóná wà nínú ẹ̀. Kí Màmá àti ọmọ kékeré lọ wọ ìyẹn pẹ̀lú ẹnì kan nínú yín, kí ẹnì kejì mú àgbà ọmọ lọ sínú bóòtù kékeré, pẹ̀lú àgbàlagbà kan síi.

Mo dárúkọ tọ́lẹ̀ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ bóòtù kékeré tí wọ́n ń háyà fún wákàtí díẹ̀ ò ní. Ọmọ ọdún mẹ́ta ò ní dúró de èbúté. Ìyẹn wà lára ìdí tí mo fi sọ wákàtí mẹ́ta. Láti Wroxham, ẹ lè wọ Wroxham Broad (Broad ni wọ́n ń pe adágún níbẹ̀), kẹ́ ẹ dé Salhouse Broad, kẹ́ ẹ jókòó jẹun, kẹ́ ẹ sì padà láìsáré. Horning á gbà yín ju wákàtí kan lọ ní àlọ nìkan, nítorí náà bó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ má dúró lọ́nà. Bí ìdajì àkókò yín bá ti lọ, ẹ yíjú padà níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà. Sọ fún ọmọ ọdún méje pé ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ gbogbo àwọn adágún yẹn: àwọn ará ayé àtijọ́ ń wa ilẹ̀ dúdú kan tí wọ́n fi ń dáná, nígbà tó yá omi òkun gòkè, ó sì bo gbogbo ihò náà. Ìwádìí Joyce Lambert, onímọ̀ nípa ewéko, láwọn ọdún 1950 ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀, àwọn èèyàn rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ mi béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ títí a fi délé.

Nípa owó, mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Béèrè bóyá epo wà nínú ẹ̀, àti iye tí wọ́n máa yọ bí bóòtù bá họ. Kẹ́ ẹ tó kúrò, fi fóònù ya gbogbo ara ẹ̀ yí ká. Wọ́n ti fẹ́ gbowó ibi tó họ lọ́wọ́ wa rí, fọ́tò ni mo fi dá wọn lóhùn.

O sọ pé o ti wọ bóòtù láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó láìmọye ìgbà. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ń wà á nígbà yẹn, ìwọ jókòó ni. Wo bí afẹ́fẹ́ ṣe máa rí kó tó di ọjọ́ náà. Bó bá le, pè wọ́n, kí wọ́n sún un sí ọjọ́ míì. Kó o tó sanwó, béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ní bóòtù tí etí ẹ̀ ò ga, àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bá ọmọ ọdún mẹ́ta mu gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá dáhùn gátagàta, bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó kù. Wọ́n pọ̀ ní Wroxham.