Òòlù alága ní ìpàdé COP: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: Kí ni ìtumọ̀ òòlù tí alága ń lù mọ́ tábìlì níparí ìpàdé COP, ìpàdé ọdọọdún tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ń ṣe lórí àyípadà ojú ọjọ́? Ṣé lóòótọ́ ni orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo lè dá gbogbo ìyókù dúró?

Ìdáhùn: Wọn kì í dìbò lórí ọ̀rọ̀ pàtàkì ní COP. Alága á gbé ìwé àdéhùn síwájú àwọn aṣojú, á wo gbọ̀ngàn yíká, á ní òun ò rí ẹni tó takò ó, á sì lu òòlù. Bó ṣe ró báyẹn, ó di ìpinnu. Àfohùnṣọ̀kan níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́ ní gbangba kí òòlù tó ró.

Berlin ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà COP àkọ́kọ́ ní 1995. Ẹnu kò kò lórí Òfin 42 nínú àwọn òfin ìpàdé, èyí tí ì bá sọ iye ìbò tó lè parí ọ̀rọ̀. Àwọn kan fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Saudi Arabia àti àwọn elépo mìíràn ní àfi kí gbogbo ènìyàn gbà. Títí dòní, wọ́n ń lo àwọn òfin ìpàdé yòókù, wọ́n sì ń fo 42. Papua New Guinea àti Mẹ́síkò dábàá ní 2011 pé kí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lè dá ọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo ọgbọ́n bá tán. Àbá náà kò rí ibi dé.

Nítorí náà ni iṣẹ́ fi ń pọ̀ lórí àkámọ́. Ohun tí ẹnì kan ò bá gbà, inú àkámọ́ ló ń wọ̀, bíi: “Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan [gbọ́dọ̀] [yẹ kó] dín èéfín rẹ̀ kù.” Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú, àmọ́ ọ̀kan di dandan, èkejì ò di dandan. Irú rẹ̀ ló dá ìpàdé Paris dúró lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ní 2015, títí wọ́n fi pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nítorí Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ yọ àkámọ́ tirẹ̀, torí ohun ìdúnàádúrà rẹ̀ nìyẹn. Ìpàdé tó yẹ kó parí lọ́jọ́ Ẹtì á wọ Sátidé tàbí Àìkú, nígbà tí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè kéékèèké ti ń sá lọ bá ọkọ̀ òfuurufú.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, ó kù sọ́wọ́ alága, ó sì kù sí ẹni tó kọ̀. Ní Copenhagen ní 2009, Bolivia, Venezuela, Sudan, Tuvalu àti àwọn mìíràn kọ̀, ìpàdé kò sì gba àdéhùn tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ wọlé. Wọ́n kàn ní àwọn ti rí i ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ní Cancún, Bolivia nìkan ló kọ̀. Patricia Espinosa, ará Mẹ́síkò tó jẹ́ alága, ní àfohùnṣọ̀kan kò fún ẹnì kan láṣẹ láti dènà gbogbo ènìyàn, ó sì lu òòlù. Ní Doha ní 2012, Rọ́ṣíà ni alága lu òòlù lé lórí. Rọ́ṣíà kò gbàgbé: ní Bonn ní oṣù kẹfà 2013, òun, Ukraine àti Belarus kò jẹ́ kí ìgbìmọ̀ kan rí iṣẹ́ ṣe rárá. Ní tèmi, kò sí alága tó máa dán irú ti Bolivia wò lára Amẹ́ríkà tàbí Ṣáínà, ìrẹ́jẹ gidi sì ni.

Ní Baku ní 2024, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà ní tírílíọ̀nù 1.3 dọ́là lọ́dún làwọn nílò láti kojú àyípadà ojú ọjọ́. Bílíọ̀nù 300 lọ́dún, tó bá fi máa di 2035, ni àwọn olówó ṣèlérí pé àwọn á ṣáájú kó jọ. Íńdíà fẹ́ sọ̀rọ̀. Òòlù ti ró kí wọ́n tó fún un láyè. Ó kọ ìpinnu náà ní gbangba, Nàìjíríà sì gbè é lẹ́yìn. Síbẹ̀ bílíọ̀nù 300 yẹn ló dúró.