Ẹ Bi Àǹtí: Zubat, àdán tí kò lójú

Ọ̀rọ̀ àdán ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà oṣù yìí, àdán inú Pokémon ni mo sì ń wí. Inú mi dùn púpọ̀, nítorí nínú gbogbo ẹ̀dá tó wà nínú géèmù àti kátúùnù yẹn, ìran Zubat ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, àdán gidi sì wà lára ohun tí mi ò lè sọ tán kí agogo tó lù. Mo mú mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà náà.

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ya àdán kan sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Búlúù ni, kò lójú rárá, ó la ẹnu sílẹ̀, eyín mẹ́rin yọ síta. Ìyá ọkọ mi wá kí wa, wọ́n rí i, wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ ni, kí n fà á ya kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ náà sunkún títí. Ó ní Zubat ni. Mi ò fẹ́ rí ìyá ọkọ mi fín, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ mi máa sunkún. Kí ni Zubat gan-an? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn*

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á ya.

Ilẹ̀ Japan ni Zubat ti wá. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1996 ni Nintendo gbé Pokémon jáde níbẹ̀ fún Game Boy, ẹ̀rọ géèmù tí a ń fi ọwọ́ mú. Ilé-iṣẹ́ Game Freak ló ṣe é. Satoshi Tajiri, ẹni tó ronú kàn án, dàgbà sí Machida ní apá Tokyo, kòkòrò ló sì máa ń mú kiri nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tó yá, ilé àti títì bo àwọn pápá tó ti ń rí wọn. Ó wá fẹ́ kí àwọn ọmọ ìgboro náà mọ bó ṣe ń dùn tó kéèyàn wá ẹ̀dá kan rí, kó mú un, kó tọ́ ọ, kó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Ohun tí géèmù náà dá lé nìyẹn. Ẹ̀dá 151 ló kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, Zubat sì ni nọ́ńbà 41.

Inú ihò àpáta tó ṣókùnkùn birimùbirimù ló ń gbé, òun àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Gíga rẹ̀ kò pé mítà kan, 0.8 ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 7.5. Oòrùn máa ń jó o lára. Ní ti ojú tí kò ní, igbe ló fi ń ríran. Ó ń ké igbe tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, ìró náà á lọ kan ohun tó wà níwájú, á padà wá bá a, òun á sì mọ ibi tí nǹkan wà.

Ẹ̀kọ́ gidi ló wà nídìí èyí. Ní àwọn ọdún 1790, Lazzaro Spallanzani, àlùfáà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ítálì, rí i pé àdán tí kò ríran mọ́ ṣì ń fò nínú yàrá láìkọlu ohunkóhun. Louis Jurine ní Geneva dí àdán létí, ìgbà náà ni tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í forí sọ nǹkan. Àwọn ènìyàn kò mọ ohun tó fà á fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìgbà tí àwọn ọdún 1930 ń parí lọ ni Donald Griffin, tó wà ní Harvard, tó fi ẹ̀rọ gbọ́ igbe náà. Àdán gidi lójú o, ó sì ń ríran. Ṣùgbọ́n àwọn tó ya Zubat mú ẹ̀bùn etí yẹn nìkan, wọ́n fi dá odindi ẹ̀dá kan, ọmọ yín sì mọ̀ ọ́n yà.

Ní ti màmá, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ̀dá tó ń sùn lọ́sàn-án, tó ń dorí kodò, tó ń fò lóru, ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń fura sí i, ìfẹ́ ọmọ ọmọ wọn ló sì mú kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ gbé àwòrán náà kúrò lókè bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Kí ọmọ jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà, kó ṣàlàyé Zubat fún wọn, kí àwọn náà sọ àlọ́ àdán tí wọ́n gbọ́ ní kékeré fún un. Inú mi á dùn bí ẹ bá kọ àlọ́ náà ránṣẹ́ sí mi.

*Àǹtí, ẹ kú ìsinmi. Àdùkẹ́ mi ń wo Pokémon, ó sì fẹ́ràn Zubat tí Brock inú kátúùnù náà ń mú kiri. Ó wá kà á níbì kan pé bí Zubat bá dàgbà di Golbat, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu. Àdán sì wà lókè àjà ilé wa, a máa ń rí wọn tí wọ́n ń jáde nírọ̀lẹ́. Ọmọ yìí kò fẹ́ dá sùn mọ́. Ṣé kí n pe àwọn tó ń lé wọn? — Bàbá Àdùkẹ́, London*

Bàbá Àdùkẹ́, ẹ má pe ẹnikẹ́ni láti lé wọn o. Òfin ilẹ̀ Britain, láti ọdún 1981, dáàbò bo àdán àti ibi tí wọ́n ń sùn. Bí ẹ bá fẹ́ tún àjà yẹn ṣe, Bat Conservation Trust ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.

Gbogbo àdán tó ń gbé ní Britain, kòkòrò ni oúnjẹ wọn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé ni pipistrelle, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù márùn-ún lọ, ó sì lè jẹ kòkòrò tó 3,000 lóru ọjọ́ kan. Nínú kòkòrò wọ̀nyẹn ni èyí tí ì bá jẹ Àdùkẹ́ wà.

Òótọ́ ni ti Golbat. Bó bá ti gé nǹkan jẹ, kì í fi í sílẹ̀, á máa fa ẹ̀jẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi wúwo débi tí fífò á nira fún un. Àdán tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wà láyé lóòótọ́, ẹ̀yà mẹ́ta péré ni, láti Mẹ́síkò títí dé Ajẹntínà ni wọ́n sì wà. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn máa ń lọ bá màlúù lóru, á fi eyín là á lára díẹ̀, á sì máa lá ẹ̀jẹ̀ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìyókù yìí fún Àdùkẹ́, nítorí èyí ni mo fẹ́ kó rántí. Bí àdán yẹn kò bá rí ẹ̀jẹ̀ mu fún òru méjì sí mẹ́ta, ó lè kú. Gerald Wilkinson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, lọ ń ṣọ́ wọn ní Costa Rica, ó sì kọ ohun tó rí jáde ní 1984: èyí tó yó a máa pọ oúnjẹ láti ikùn rẹ̀ fún èyí tí ebi ń pa. Kì í ṣe ìyá àti ọmọ nìkan. Àwọn tí wọ́n ti jọ ń gbé ibì kan pẹ́ a máa ṣe é fún ara wọn, bí wọn ò tilẹ̀ bá ara wọn tan. Ẹ̀dá tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í jẹ́ kí ebi pa á kú.

Zubat Brock náà, kó fọkàn balẹ̀: ó di Golbat, ó tún di Crobat, ìpele kẹta nínú ìran Zubat, kò sì fi Brock ṣe oúnjẹ.

*Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀gbọ́n mi fi Game Boy rẹ̀ àtijọ́ ta mí lọ́rẹ, Pokémon Gold sì wà nínú rẹ̀. Mo gba Golbat lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, wáyà la fi so Game Boy wa pọ̀. Ó ti dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 47 báyìí, kò tíì di Crobat. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi í jà. Bó bá fara pa, Energy Root, egbò ìwòsàn inú géèmù, ni mo ń fún un torí kò wọ́n tó oògùn Hyper Potion. Ọ̀rẹ́ mi ní yóò yí padà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 50. Ṣé òótọ́ ni mà? — Ọmọ SS2, Àkúrẹ́*

Kì í ṣe òótọ́, ọmọ mi. O lè gbé e dé 100, Golbat náà ni yóò ṣì jẹ́.

Zubat ń di Golbat ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 22, kò sí wàhálà níbẹ̀. Nínú géèmù àkọ́kọ́, Golbat ni òpin ọ̀nà. Nígbà tí Gold àti Silver jáde ní Japan ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999 ni wọ́n tó fi Crobat kún un, ohun tí wọ́n sì fi ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ni ìfẹ́. Géèmù náà ń ka bí Golbat ṣe fẹ́ràn rẹ tó, láti òdo dé 255, kò sì fi nọ́ńbà náà hàn ọ́. Ó gbọ́dọ̀ dé 220. Bó bá ti dé ibẹ̀, lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó bá tún gùn lẹ́yìn ìyẹn ni yóò para dà.

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí tìrẹ. Ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ, gbogbo ìfẹ́ tó ní sí i pa rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ láti 70. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì kan tó bá gùn á fi 5 kún un, bó bá ti kọjá 100 á di 3, bó bá kọjá 200 á di 2. Energy Root sì ń yọ 10 kúrò lẹ́ẹ̀kan, ó ń yọ 15 bí ìfẹ́ náà bá ti dé 200. Egbò kíkorò ni, Golbat kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà mọ bí agbo ṣe ń rí lẹ́nu ọmọdé. Àwọn lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí o fi ogun gbé, egbò ló ń jẹ èrè wọn. Bó bá sì dákú lójú ìjà, ó tún ń dín.

Nítorí náà, jáwọ́ nínú egbò. Ra Potion, kódà bó bá wọ́n. Fi Golbat sínú ẹgbẹ́ rẹ kó máa bá ọ rìn, ìrìn nìkan ń fi kún un. Má fi í kojú ohun tó lè pa á dákú. Nínú àjà ilẹ̀ Goldenrod City, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà tó ń gẹ irun fún Pokémon, san owó wọn. Obìnrin kan wà nínú ilé kan ní ìlú yẹn kan náà tí yóò sọ fún ọ bí Golbat ṣe fẹ́ràn rẹ tó. Bí o bá sì ti wọ agbègbè Kanto, lọ sí Pallet Town láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́rin ọ̀sán, Daisy tó ń gbé níbẹ̀ á bá ọ tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo géèmù yẹn nìyí. Zubat tí gbogbo ènìyàn ń sá fún nínú ihò Mt. Moon, tí wọ́n ń fi Repel lé, tí ìwọ bá gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ á tún yọ sí ọ, tí yóò fi igbe Supersonic dà ọ́ lórí rú: ẹni tó bá mú un, tó sì ṣe dáadáa sí i, ló ní Crobat. Ìyára Zubat jẹ́ 55, ti Golbat 90, ti Crobat 130. Ìyẹ́ mẹ́rin ló ní. Àwọn àgbà ní apá àjàò gùn ju itan rẹ̀ lọ. Ti Crobat tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, itan fúnra rẹ̀ ló di apá. Bí ìyẹ́ méjì bá rẹ̀ ẹ́, á fi méjì yòókù fò, kì í sì í dún bó bá ń kọjá nínú òkùnkùn. Ó nira fún un láti dúró sinmi, ohun tó fi san gbèsè ìyára rẹ̀ nìyẹn. Koga nínú Elite Four, àwọn akọni mẹ́rin tí o máa bá jà níparí, ní ọ̀kan ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 44. Bó bá ti nà ọ́ rí, o ti mọ ohun tí mò ń sọ.

Kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ tó bá yí padà.

*Àǹtí, ṣé Zubat ni àwọn àdán tó wà lórí igi nínú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀? — Ọmọbìnrin JSS3, Ilé-Ifẹ̀*

Rárá, ọmọ mi. Èyí tó jọ wọ́n díẹ̀ ni Noibat, tó jáde nínú géèmù Pokémon X àti Y ní ọdún 2013. Inú ihò ni òun náà ń gbé, etí rẹ̀ ńlá bíi sípíkà, èso ló sì ń wá bí ilẹ̀ bá ṣú. Ó ń fi igbe mọ èyí tó pọ́n. Bó bá dé lẹ́fẹ́ẹ̀lì 48, á di Noivern.

Ti Ifẹ̀, Eidolon helvum ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Èso ni tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ojú àti imú ló fi ń wá a, ojú rẹ̀ sì tóbi dáadáa. Bó bá na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó lè ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ. Ó ń fò jìnnà lóru, ó sì ń fọ́n èso igi ká. Ìrókò wà lára igi tó ń bá wa gbìn.

Bí o bá fẹ́ wò wọ́n, lọ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, má dúró sábẹ́ igi náà gan-an. Bí ọ̀kan bá jábọ́, má fọwọ́ kàn án, nítorí àdán lè gbé àìsàn sára. Pe àgbàlagbà. Bí o bá sì ní bébà àti pẹ́ńsùlù, ya ọ̀kan fún mi, kí o ya ojú rẹ̀ dáadáa.