Ṣé agbára tí kò sẹ́ni tí kì í mú un nínú Dungeons & Dragons (eré orí tábìlì tí olúkúlùkù ti ń ṣe akọni kan, tí dáìsì sì ń pinnu bí nǹkan ṣe rí) fi hàn pé òfin eré náà kò dọ́gba?

Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá bí ẹni tí kò mú un bá ń rẹ̀yìn lójú ìjà. Ẹ wo Sharpshooter, agbára àwọn tafàtafà, nínú ìwé òfin 2014: tafàtafà lè yọ 5 kúrò nínú iye dáìsì tó ń pinnu bóyá ọfà á bà, kí ọfà tó bá bà fi 10 kún ọṣẹ́ tó ṣe. Dáìsì ojú 8 kan péré ni wọ́n ń jù fún ọṣẹ́ ọrun gígùn fúnra rẹ̀! Nínú àtúnṣe 2024, wọ́n yọ apá yẹn kúrò. Ti Perception, ìyẹn òye láti tètè kíyè sí nǹkan, yàtọ̀ ní tirẹ̀: adarí eré ló ń béèrè rẹ̀ lemọ́lemọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dù ú.