Ṣé ìbáwí ni tàbí ìdẹ́rùbà, bí àgbà nọ́ọ̀sì bá ń pariwo mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níwájú aláìsàn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí ẹ bi wá ní ìbéèrè yìí, ìdẹ́rùbà ni. Ìbáwí a máa tọ́ka sí àṣìṣe, a sì máa fi ọ̀nà tó tọ́ hanni. Ìdẹ́rùbà a máa dójú ti ènìyàn léraléra, yálà nípa èébú, nípa fífi ìròyìn aláìsàn pamọ́ fún un nígbà tí wọ́n bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, tàbí nípa ìhalẹ̀ pé wọn kò ní buwọ́ lu ìwé ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í lè béèrè lẹ́ẹ̀kejì pé oògùn mélòó ni kí òun fà sínú abẹ́rẹ́, aláìsàn ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an sílẹ̀, kí ẹ sì mú un tọ olùkọ́ tó ń bójú tó ìkọ́ṣẹ́ yín lọ. Wọ́n ti tọ́ wa pé a kì í fèsì sí àgbà, ṣùgbọ́n kí ènìyàn fi ọ̀wọ̀ ro ẹjọ́ rẹ̀ kì í ṣe àrífín. Bí ó bá jẹ́ pé ìbálòpọ̀ ni wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ yín, òfin orílẹ̀-èdè Benin nọ́mbà 2006-19, ti ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, fi ìjìyà lélẹ̀ fún un. Àdéhùn 190 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tó tako ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2019, ka àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò.