Kíìtì kálàmù wo ni kí n rà? Ìdáhùn fún káfíńtà tó fẹ́ máa ṣe kálàmù onígi tà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Káfíńtà ni mí n'Íbàdàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ ìyígi kékeré kan, mo sì fẹ́ máa fi àwọn ègé ìrókò àti apá tó ń ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù ṣe kálàmù tà, pàápàá fún àwọn ilé iṣẹ́ tó máa ń pín ẹ̀bùn lópin ọdún. Oríṣiríṣi kíìtì (àwọn irin kálàmù tí a ń kó pọ̀ mọ́ igi) ni mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú mi sì dàrú. Ẹnìkan ní kí n kó 50 slimline, ìyẹn kíìtì kálàmù tín-ín-rín, aláwọ̀ wúrà torí pé ó pọ́ọ́kú. Ẹlòmíì ní kí n ra èyí tó wọ́n. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfarabalẹ̀ tí ẹ fi béèrè kí ẹ tó náwó. Kí ẹ tó wo iye tí wọ́n ń ta kíìtì, ẹ kọ́kọ́ ro ti ẹni tó máa lo kálàmù náà. Tí tàdáwà inú rẹ̀ bá tán, ibo ló ti máa rí rìfíìlì mìíràn rà? Ẹni tó bá san owó gidi lórí kálàmù onígi, tí kò wá rí rìfíìlì rẹ̀ mọ́, inú dúrọ́ọ̀ ló máa jù ú sí, kò sì ní padà wá bá yín. Ìbéèrè yìí ni mo fi ń ṣa kíìtì.

Irú rìfíìlì méjì ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ kíìtì bírò, orúkọ ilé iṣẹ́ kálàmù méjì, Cross àti Parker, ni wọ́n sì fi ń pè wọ́n. Ti Cross tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ sì ní ẹsẹ̀ tí a ń yí wọ inú ẹ̀rọ kálàmù. Òun ni slimline ń lò, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìtàwé ló ń tà á. Ti Parker sanra jù ú lọ, gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 98, ISO, àjọ tó ń ṣètò ìwọ̀n ọjà lágbàáyé, sì ti sọ ìwọ̀n yẹn di ohun tí ilé iṣẹ́ yòówù lè tẹ̀lé. Nítorí bẹ́ẹ̀, yàtọ̀ sí Parker fúnra rẹ̀, Schmidt ti Jámánì àti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe é. Ohun tí mo máa dá lábàá ni pé kí gbogbo bírò tí ẹ bá fẹ́ tà máa lo irú ti Parker. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún oníbàárà: G2 ni wọ́n ń pe ìwọ̀n yìí, ṣùgbọ́n G2 tí Pilot, ilé iṣẹ́ kálàmù mìíràn, ń tà gùn jù ú lọ, kò lè wọ inú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré kan, kí ẹ fi í sínú àpótí kálàmù.

Slimline tí wọ́n ní kí ẹ kó yẹn dára láti fi kọ́ṣẹ́. Ihò mìlímítà 7 ni ẹ máa lu sínú igi kí ẹ tó fi gúlù lẹ páìpù idẹ rẹ̀ síbẹ̀, kò sì wọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi dọ́là 3 sí 5 ni ẹyọ kan. Ẹ ra 10, kí ẹ má ra 50. Ibi tó ti máa ń ṣe àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ léṣe ni ìgbà tí wọ́n bá ń tẹ ẹ̀rọ tó ń yí ẹnu rìfíìlì jáde wọ inú páìpù idẹ. Ìlà kan wà lára ẹ̀rọ náà tó fi ibi tó yẹ kó dé hàn. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀, ẹnu bírò á ṣì máa yọ síta nígbà tí ẹ ti yí i pa, á sì máa kun àpò ẹ̀wù ẹni tó rà á. Fífà á padà sì nira gan-an. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ yí rìfíìlì bọ̀ ọ́ wò, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́.

Tó bá di ti títà, ọ̀rọ̀ igi tún wà nínú slimline yìí kan náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí i tán, igi tó kù lára páìpù idẹ kò nípọn tó mìlímítà kan. Tí igi náà kò bá gbẹ dénú kí ẹ tó fi ṣiṣẹ́, ọyẹ́ ló máa tú àṣírí rẹ̀: igi á sún kì, idẹ inú rẹ̀ kò ní sún, igi á sì là. Apá tó ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù lè fara dà á. Pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìlagi dé nígbà òjò kò ní fara dà á. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bo imú tí ẹ bá ń yí ìrókò. Eruku rẹ̀ ń yún ara, ó sì ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá.)

Mẹ́ta ni mo kà sí kíìtì títà fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló ń lo rìfíìlì Parker: cigar, Sierra àti bolt action (èyí tó ní ìkọ́ tí a ń fà bíi ti ìbọn). Ohun tí àwọn tó ń ta ọjà fún yín kì í sọ ni ti bíìtì dírììlì. Cigar ń fẹ́ ihò mìlímítà 10, èyí tí ẹ máa rí lọ́jà láìwá a púpọ̀. Bolt action ń fẹ́ 3/8 íńṣì, ìyẹn mìlímítà 9.5. Ṣùgbọ́n Sierra ń fẹ́ 27/64 íńṣì, tó jẹ́ mìlímítà 10.7. Bíìtì 10.5 á há páìpù náà mọ́ ẹnu ihò, 11 á sì fẹ̀ jù tí gúlù kò fi ní dì í mú dáadáa. Tí ẹ bá fẹ́ Sierra, ẹ ra bíìtì rẹ̀ pọ̀ mọ́ kíìtì lọ́wọ́ ẹni kan náà.

Ní ti àwọn ilé iṣẹ́ tí ẹ ní lọ́kàn, Sierra tàbí bolt action ni màá mú. Páìpù kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, igi náà ń lọ gbọọrọ láìsí òrùka láàárín, àyè sì wà níbẹ̀ láti fi léésà kọ orúkọ ilé iṣẹ́. Cigar àti slimline pín sí méjì, orúkọ tó bá gùn díẹ̀ kò ní gba orí wọn. Kálàmù tó ń fa tàdáwà lẹ́wà púpọ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹ fi sílẹ̀ títí ẹnìkan á fi béèrè fún un. Ẹ̀bùn tó ń kó tàdáwà sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọ̀ wúrà. Wúrà tí wọ́n fi ń bo kíìtì tó pọ́ọ́kú fẹ́lẹ́, ó sì rọ̀. Òógùn ọwọ́ àti kọ́kọ́rọ́ inú àpò á ha á títí irin abẹ́ rẹ̀ á fi yọjú, níbi tí ìka ń dì mú ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Chrome le jù ú lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Tí oníbàárà bá ní àfi kó pọ́n bí wúrà, ẹ wá èyí tí wọ́n fi titanium nitride bò. Ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ níbi iṣẹ́ yín: òun náà ni wọ́n fi ń bo bíìtì dírììlì aláwọ̀ wúrà. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè ṣí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó báyìí. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ fi ṣe é, ẹ fi iye tí ẹ bá bá lọ́jà rọ́pò rẹ̀. Ká ní slimline kan dé ọwọ́ yín ní 6,000 náírà, kí bolt action dé ní 18,000, owó ọkọ̀ àti kọ́sítọ́ọ̀mù ti wà nínú rẹ̀. Gúlù, sánpépà àti àpótí jẹ́ 3,000 fún èyíkéyìí, iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́ 5,000. Ó di 14,000 àti 26,000. Iṣẹ́ kan náà ni ẹ ṣe lórí méjèèjì, wákàtí kan náà ni ẹ lò. Ẹni tó gbé slimline tín-ín-rín lọ́wọ́ á fi wé bírò ọjà, á sì máa ní kí ẹ dín owó kù. Ẹni tó fa ìkọ́ bolt action, tó gbọ́ bó ṣe ń dún, tó sì mọ bó ṣe wúwo lọ́wọ́, kì í fi wé bírò ọjà. Níbẹ̀ ni èrè yín wà. Kí ẹ sì fi owó èyí tó máa là kún un, torí òmíràn á là.

Ẹ má ṣe da kíìtì oríṣi méjì láti ọ̀dọ̀ olùtajà méjì pọ̀. Orúkọ lè bára mu kí páìpù àti bọ́ṣìn (òrùka irin tó ń fi ibi tó yẹ kí ẹ yí igi dé hàn) má bára mu. Ẹ wá olùtajà kan, ẹ ra 5 bolt action àti 5 cigar tàbí Sierra, ẹ ra bọ́ṣìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ra páìpù idẹ àfikún. Tí igi bá là, páìpù ló máa ń bà jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, irin yòókù ṣì wúlò.

Tí ẹ bá ti ṣe méjì tó dán dáadáa, ẹ gbé wọn lọ sí ilé iṣẹ́ tí ẹ ń fojú sí ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, kí wọ́n fi kọ̀wé wò. Ẹ gba àsansílẹ̀ tó kéré tán tó owó kíìtì kí ẹ tó ránṣẹ́ ra púpọ̀, torí ẹrù tó bá há sí ibodè lóṣù kọkànlá kò ní bá ẹ̀bùn ọdún mọ́.