Ta Ni Ọmọbìnrin Inú Mọ́tò Yẹn Gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá wa tú fíìmù. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi jọ jókòó wo I'm Thinking of Ending Things lórí Netflix, kò tíì dé ìdajì tí wọ́n fi sùn lọ, èmi wò ó parí, kò sì yé mi ju ẹni tó sùn lọ. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé bọ̀ọ̀fúrẹ́ńdì ẹ̀ lọ kí àwọn òbí bọ̀bọ́ náà lóko nínú yìnyín, ó ń rò ó lọ́kàn pé òun máa fi í sílẹ̀, kí n tó mọ̀, orúkọ ẹ̀ ti yí padà, ìyá bọ̀bọ́ di arúgbó, ó tún di ọ̀dọ́, bàbá kan wá ń gbálẹ̀ ilé ìwé tí mi ò mọ ohun tó kàn án. Ta ni obìnrin yẹn? Ṣé bàbá yẹn kú àbí kò kú? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Bàbá agbálẹ̀ tẹ́ ẹ ní kò kàn án yẹn, òun ló ni gbogbo ẹ̀ o! Òun ni Jake. Jake tó ń wakọ̀, tí Jesse Plemons ṣe, òun náà ni nígbà tó ṣì kéré, tàbí ká ní bó ṣe ń ro ara ẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ rántí yàrá abẹ́ ilé tí Jake ò fẹ́ kí ọmọbìnrin náà wọ̀? Ó wọ̀ ọ́, ó ṣí máṣìnì ìfọṣọ, yúnífọ́ọ̀mù agbálẹ̀ ló bá níbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ńkọ́? Bàbá yẹn ló fi ọkàn ẹ̀ dá a. Nínú mọ́tò, ó ké ewì kan, ó lóun lòun kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n délé, ó wọ yàrá tí Jake ń sùn ní kékeré, ó ṣí ìwé kan, ewì yẹn ló wà níbẹ̀, ẹlòmíì ló kọ ọ́, Eva H.D. lórúkọ ẹ̀. Àwọn àwòrán tó lóun yà náà, ti Ralph Albert Blakelock ni, ayàwòrán Amẹ́ríkà tó ti kú tipẹ́. Ìgbà tí wọ́n ń padà bọ̀ ló wá ń bú fíìmù kan tí Jake fẹ́ràn, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀wé, ọ̀rọ̀ Pauline Kael, obìnrin kan tó máa ń kọ àtúpalẹ̀ fíìmù, ló ń kà jáde lẹ́nu ní wóróhùn-wóróhùn, ìwé Kael yẹn náà sì wà nínú yàrá Jake yẹn. Ṣé ẹ ti rí i? Kò sí nǹkan lẹ́nu obìnrin yìí tí Jake ò kà rí. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Lucy, ó ń jẹ́ Louisa, ó ń jẹ́ Ames, tó kọ́ fíísíìsì lẹ́ẹ̀kan, tó tún di akéwì. Ẹni tí ò sí, orúkọ wo lẹ fẹ́ kó jẹ́? Ti àwọn òbí (Toni Collette àti David Thewlis) ò le rárá, bí ìrántí ṣe ń wá lẹ ṣe ń rí wọn, kì í tò.

Ibi tó dùn mí jù ni kọ́rídọ̀ ilé ìwé. Ọmọbìnrin náà pàdé agbálẹ̀, ó ń wá Jake, bàbá bi í pé báwo ló ṣe rí. Kò lè sọ. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ìtàn yí padà: òun àtẹni yẹn ò bára wọn sọ̀rọ̀ rí, ọkùnrin kan kàn jókòó ní báà, ó ń wo òun ṣáá, ó sì sú òun. Ó ní bíi kéèyàn ní kóun ṣàpèjúwe ẹ̀fọn tó jẹ òun ní 40 ọdún sẹ́yìn. Háà! Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé bàbá yẹn ń kábàámọ̀ obìnrin tó já a jù sílẹ̀, irọ́ ni jàre, kò sẹ́ni tó já a jù sílẹ̀, kò lajú kí i rárá, odindi ìgbésí ayé ló wá kọ́ sórí ẹni tí ò kí yẹn. Kò tiẹ̀ wá rí i ṣe nínú èrò ara ẹ̀ náà, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ lobìnrin yẹn ti ń wá bó ṣe máa lọ.

Ṣé ó kú? Nínú ìwé Iain Reid tó jáde ní 2016, tí wọ́n fi ṣe fíìmù yìí, ó hàn pé bàbá yẹn gbẹ̀mí ara ẹ̀. Charlie Kaufman tó ṣe fíìmù ní 2020 ò fi hàn, ó kàn jẹ́ ká rí mọ́tò bàbá yẹn tí yìnyín ti bò lójúmọmọ. Èmi gbà pé ó kú. Ẹ wo ẹ̀bùn Nobel tí Jake gbà lórí ìtàgé níparí, inú fíìmù A Beautiful Mind lọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀ ti wá, orin tó kọ tẹ̀ lé e, inú eré Oklahoma! ni. Ọ̀rọ̀ ìdágbére gan-an, ó yá a ni. Ti ẹlẹ́dẹ̀ onídìn tó ń ṣáájú agbálẹ̀ lọ nílé ìwé níparí yẹn, ẹ má jẹ́ kó fún yín lórí fífọ́, Jake ti sọ ìtàn ẹ̀ lóko.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, fíìmù kan náà, 20 ìṣẹ́jú nínú mọ́tò ti sú mi. Ṣé kí n fi sílẹ̀? Ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ dé ìdí tábìlì oúnjẹ ná. Tó bá ṣì sú yín níbẹ̀, ẹ pa á, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ẹ lọ wo Eternal Sunshine of the Spotless Mind ti 2004, Kaufman yìí náà wà lára àwọn tó kọ ọ́, ọkùnrin kan ló ní kí wọ́n bá òun pa obìnrin kan rẹ́ nínú ọpọlọ òun, ìyẹn yá lára ju èyí lọ dáadáa.